Ọdún Tí Mo Dán Ẹ̀jìrẹ́ Wò Lórí Bẹ́ǹṣì Kan

Òórùn yunifọ́ọ̀mù tuntun, èyí tí omi kò tíì kàn rí, ni mo fi ń mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án ti wọlé. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ aláṣọ tí òórùn yẹn fẹ́ sí mi nímú, ẹsẹ̀ mi a fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé ìwé kékeré kan ní Karu, níbi tí mo ti jẹ́ àgbà olùkọ́ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọjọ́ orí òmìnira orílẹ̀-èdè wa ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi ń ṣe láàárín ìlú Àbújá, èmi sì ti fi iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀ láti tẹ̀ lé e wá. Ilé ìwé Karu yìí ló gbà mí. Iṣẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bá mi dù: èmi ni mo ń wo ọmọ tí wọ́n bá mú wá, èmi ni mo sì ń sọ bóyá ó ti tó lọ sílé ìwé tàbí kò tíì tó.

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, iṣẹ́ yẹn kò le rárá. Wọ́n á ní kí o gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi ọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, o ti tó nìyẹn. Bí kò bá kàn án, máa lọ sílé, lọ jẹ iyán sí i. Ọwọ́ tèmi kò kàn án. Ńṣe ni mo tẹ orí mọ́ èjìká kí ìka mi lè débẹ̀. Olùkọ́ rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tó gbọ́n ọgbọ́n ẹ̀tàn tó báyìí, bí a bá fi í sílé fún ọdún kan sí i, yóò ba ilé jẹ́. Bí mo ṣe wọ ilé ìwé nìyẹn.

Ní Karu, a kì í wo etí mọ́. Mo ní ọ̀nà tèmi, mo sì gbójú lé e gan-an. N kì í kọ́kọ́ bi ọmọ ní ohunkóhun. Màá jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà, màá wo bí ó ṣe ń wọlé: ṣé aṣọ ìyá rẹ̀ ló dì mú ni, àbí ojú rẹ̀ ti sáré ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sídìí àwọn ohun ìṣeré? Màá fún un ní bisikíìtì tí wọn kò tíì tú, màá wo bóyá yóò fi eyín já a fúnra rẹ̀, bóyá yóò gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí bóyá yóò kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Lẹ́yìn náà ni màá rán an níṣẹ́. Obìnrin ará Okun kan láti ìpínlẹ̀ Kogi wà lọ́dọ̀ wa tó ń tọ́jú àwọn ọmọ, tó ń fọ ìdí wọn, tó ń tẹ́ wọn sùn lọ́sàn-án. Náánì ni gbogbo ilé ìwé ń pè é. Màá ní kí ọmọ lọ sọ fún Náánì pé kó fún òun ní ife àti aṣọ ìnuwọ́. Ọmọ tó bá mú méjèèjì wá ti tó. Ọmọ tó bá mú ife nìkan wá tó ní ìdajì. Ọmọ tó bá débẹ̀ tó jókòó ti Náánì, tó gbàgbé pé ẹnì kan rán òun wá, ẹ jẹ́ kó ṣe ọdún kan sí i nílé. Ìgbà tí mo bá ti rí gbogbo ìyẹn tán ni màá tó da ìdérí ìgò sórí tábìlì pé kó bá mi kà wọ́n.

Àwọn òbí Àbújá kò fẹ́ràn ọ̀nà mi yìí, nítorí pé wọ́n ń kánjú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n lè fi ọmọ sílẹ̀ fún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, wọ́n á ní ó ti lé ní mẹ́rin. Wọ́n á ti kọ́ ọ ní ABC títí yóò fi máa kà á bí odídẹrẹ́. Mo rántí bàbá kan tó wọ kóòtù wá, tó ń ṣàfihàn ọmọ rẹ̀ fún mi.

“Kai, Màmá, ẹ gbọ́ o! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ẹyọ kan.”

“Mo gbọ́,” ni mo dá a lóhùn. “Bó bá tọ̀ tán, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa pátá padà sókè?”

Ojú bàbá náà yí padà. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ, ọdún kejì ló tó mú un padà wá, ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Irú nǹkan báyìí ló sọ mí di ẹni tó ń gbéra ga. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó kéré sí mi, màá sì fi kún un pé ní ti ọmọdé, ojú mi kì í tàsé. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí mo bá ti kẹ́yìn.

Ọdún kan ni aránṣọ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí wa fi àwọn ìbejì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ọwọ́ rẹ̀ dùn púpọ̀ lórí aṣọ ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀, tó ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárín ìlú, ló mú àwọn ọmọ náà wá. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àjákù aṣọ oríṣiríṣi ni bàbá wọn sì fi rán ẹ̀wù fún wọn, ó rí bí òdòdó. Ìyá wọn kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yà wọ́n o. Bí wọn ò bá rí ara wọn, wọ́n á sunkún.”

“Ta ni yóò ya ẹ̀jìrẹ́?” ni mo wí. “Ṣé ẹ rò pé òyìnbó ni mí ni?”

Mo bá fi àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ìwà ọmọlúàbí ni mo sì kà á sí. Èkejì ni pé ọ̀dọ̀ Táyé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìbéèrè, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ wá sáyé. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìwé wa ń sọ, ṣùgbọ́n èdè wa ni mo máa ń bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọkàn Táyé ti balẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ń ta lẹ́nu rẹ̀ bíi gúgúrú. Ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ti ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ó pe gbogbo àwọ̀ òwú tí mo fi hàn án láìku ẹyọ kan. Mo da ìdérí ìgò mẹ́rin sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó gbójú sókè: “Mẹ́rin!” Mo da mẹ́fà sílẹ̀. Ó tún wo ilẹ̀. “Mẹ́fà!” Inú mi dùn.

Mo yíjú sí Kẹ́hìndé. Orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lojú rẹ̀ wà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ó ń ká ìka kò, ó ń nà án, ó ń ká a kò. Mo ní kó ka ìdérí márùn-ún fún mi. Kò fọhùn.

“Ó ní márùn-ún ni,” ni Táyé wí.

“Mi ò bi ẹ́.”

“Òun ló ní kí n sọ fún yín.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí Kẹ́hìndé lọ gba ife àti aṣọ ìnuwọ́ wá lọ́wọ́ Náánì. Kò dìde. Ó fi ìgúnpá rọra ti Táyé, Táyé sì fò dìde, ó lọ, ó mú méjèèjì wá. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ìyá wọn pé Táyé ti tó, Kẹ́hìndé kò tíì tó, kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹ́ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù nínú kíláàsì náà lọ́dún yẹn, tó fi dà bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló bá mi tò ó.

Ìyá wọn dúró, kò lọ. “Mà, ohun tí a bá ṣe fún Táyé la máa ń ṣe fún Kẹ́hìndé.”

“Nínú aṣọ àti oúnjẹ nìyẹn,” ni mo wí. “Ìwé kì í ṣe ẹ̀wà tí a ń sè fún ìbejì.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ. Obìnrin náà wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo mí, ó dúpẹ́, ó mú wọn lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Iṣẹ́ ń dúró dè é, ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ kò sì gba ọmọ méjì láàárín abẹ́rẹ́ àti ṣísọ́ọ̀sì. Ó sàn fún wọn díẹ̀ bí ẹnì kan bá wà nílé ìwé.

Nígbà tí ilé ìwé bẹ̀rẹ̀, Táyé wọlé nínú yunifọ́ọ̀mù tí bàbá rẹ̀ rán fún un, èyí tó dára ju ti gbogbo ọmọ yòókù lọ. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, gúgúrú kò ta mọ́. Kò sọ̀rọ̀, kò kọrin. Ó máa ń jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, á fi àyè sílẹ̀ lápá òsì rẹ̀, bí ọmọ mìíràn bá sì fẹ́ jókòó síbẹ̀, á na ọwọ́ dí i. Bí wọ́n bá pín bisikíìtì, á jẹ ìdajì, á kó ìdajì sínú àpò. Olùkọ́ kíláàsì wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó wá lẹ́ẹ̀kejì. “Mà, ọmọ tí ẹ ní ó lè kà dé mẹ́fà yìí, kò lè ka méjì.” Mo ní kó fún un láyè, pé àárò ilé ló ń ṣe é. Igi tí a bá fojú rénà, òun ní í gún ni lójú, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ pé igi ni mo ń wò.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Náánì dúró ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Àwọn ọmọ ti ń lọ sílé. Ó di Táyé lọ́wọ́ mú, nítorí òun ló máa ń mú un lọ sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀.

“Ìyá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bínú sí mi.”

“Sọ ọ́.”

“Ọjọ́ tí ẹ ń dán àwọn ìbejì yìí wò, èmi wà níbi tí mo wà yìí. Ta lẹ rò pé ó ń ka ìdérí ìgò yẹn?”

“Táyé ni. Mo gbọ́ ọ létí ara mi.”

“Táyé ń pè é ni. Kẹ́hìndé ló ń kà á. Ìka ló fi ń fi hàn án lórí itan.”

Mo rí ìka kékeré wọ̀nyẹn padà, wọ́n ń ká, wọ́n ń nà, mo sì rántí pé ní gbogbo ìgbà tí Táyé bá fẹ́ dáhùn, ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ pátá. Mo rí i, mo sì pè é ní àìgbéjẹ́ẹ́.

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ojú yín kì í tàsé. Ta lèmi?” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn Okun rẹ̀ ń fà á gùn, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. “Ẹ tún wá jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ máa ń sọ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táyé ṣáájú kó lọ wo ayé wá? Ẹ̀gbọ́n wo ló ń jẹ́ iṣẹ́ níbi tí àbúrò rẹ̀ wà?”

Ó sì tún fi ọ̀rọ̀ tó gbé e wá lé e. Ó ní ọ̀la ni Kẹ́hìndé ń lọ sí Ọ̀ṣun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ja bọ́ láti orí tábìlì nínú ìsọ̀, díẹ̀ ló kù kó bà lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Bàbá wọn ní òun kò lè máa rán aṣọ kí òun tún máa ṣọ́ ọmọ, kó máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá òun títí ilé ìwé yóò fi gbà pé ó ti tó. Arábìnrin bàbá náà tó ń lọ sílé ni yóò mú un wọ ọkọ̀ ní Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò tíì sùn lọ́tọ̀ sí èkejì rẹ̀ rí. Nítorí ọ̀rọ̀ tí èmi fi gègé kọ.

Mo gba ọwọ́ Táyé lọ́wọ́ Náánì, mo ní èmi ni màá mú un lọ lónìí.

Jẹnẹrétọ̀ ń hó ní ìta ìsọ̀ náà. Àpò kékeré kan tí wọ́n ti di wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìbejì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì nítorí kò sí àyè, ó ní, “Ìyá, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé Táyé ṣe nǹkan ni?” Mo ní kò sí nǹkan, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ sinmi díẹ̀ ni. Irọ́ àgbà nìyẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i ná, nítorí pé apá kan ọkàn mi ṣì ń gbàdúrà pé kó jẹ́ Náánì ló ṣì í wò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

Táyé ti sáré wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Kẹ́hìndé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ike bọ́tìnì níwájú rẹ̀, ó ti ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àfi bí ẹni ṣí omi ẹ̀rọ! Gbogbo ohun tí Táyé kò sọ láti òwúrọ̀ ló ń tú jáde: ọmọ tó bì sára, orin tí wọ́n kọ, Àǹtí tó ní kó dìde. Ó yọ ìdajì bisikíìtì, ó gbé e fún èkejì rẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí, ó rẹlẹ̀, ó dúró dáadáa.

“Mélòó ni wọ́n ní kí o kà?”

“Mi ò mọ̀. O ò sí níbẹ̀.”

Bàbá wọn kò tilẹ̀ gbọ́ wọn. Ó ń rán ọrùn aṣọ, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn. “Kẹ́hìndé, bọ́tìnì funfun mẹ́fà, oníhò mẹ́rin.” Ìka kékeré wọ inú ike, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sí Táyé lọ́wọ́, ó fi ìgúnpá tì í, Táyé sì gbé wọn lọ. Bàbá kò kà wọ́n. Ó gbà wọ́n bí ẹni gba ṣéńjì lọ́wọ́ ẹni tí kì í rẹ́ ni jẹ.

“Ṣé Táyé ló kà wọ́n?” ni mo bi í, bí ẹni tí kò mọ̀.

“Táyé kẹ̀! Gbogbo ike ni Táyé á gbé wá.” Ó gbójú sókè wò mí. “Ẹni tó ń kà á ni ẹ ní kó padà sílé, Ìyá.”

Ó ti ń dùn ún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ló fi dákẹ́. Mo ní kí Táyé lọ dúró lẹ́yìn aṣọ títa níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń wọ aṣọ wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì náà, orúnkún mi ń ké, mo bi Kẹ́hìndé ìdí tí kò fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ohun tó yẹ kí àgbà ti mọ̀.

“Táyé ló máa ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń mọ̀ ọ́n.”

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè di ẹ̀bi náà lé. Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ kúrò lára, mo ní, “Bàbá Ìbejì, èmi ni mo ṣì í. Ọmọ yìí ti tó. Ó ti tó kó tó wá bá mi.”

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní òun ti bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé ìyá náà ti tọ́jú ibi tí ọmọ yóò sùn.

“Pè wọ́n padà.”

“Kí n ní kí ni, mà?”

“Sọ pé ìyá kan wà ní Karu tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.”

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ aṣọ títa náà, ibi tí ẹsẹ̀ Táyé ti yọ lábẹ́. “Táyé wá ńkọ́? Àyè ẹnì kan lẹ ní ó kù. Ṣé kí n wá mú Kẹ́hìndé wá, kí n dá Táyé padà sílé? Ìyá, òun náà ni wọ́n á wá gbé lọ sí Ọ̀ṣun nìyẹn.”

Ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò ó níbi tí mo dúró sí. Táyé lè fi ìyá sílẹ̀ láìsunkún, ó lè bá àlejò sọ̀rọ̀, ó ń jẹ́ iṣẹ́ bí ẹyẹlé. Kò lè kà. Kẹ́hìndé lè kà, ó lè ṣà, ó lè gbèrò, ṣùgbọ́n kò tíì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ẹni tí kò mọ̀. Ní ọ̀nà tèmi, ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, n kì í sì í gba ìdajì. Mo gba ìdajì méjì lọ́jọ́ náà.

“Àwọn méjèèjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé,” ni mo wí. “Ọ̀ràn àyè wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọn kò ní í jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ìyá wọn kó má fi mí bú.”

Ó tú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà níṣojú mi. Ẹ̀wù àjákù aṣọ yẹn ló wà lókè. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti ń wọn èjìká Kẹ́hìndé fún yunifọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, kí ló tún ń wọ̀n, nígbà tí ìwọ̀n Táyé wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àpótí tí mo fi ń jókòó sídìí ààrò láti ilé mi wá, mo gbé e sí ìlà iwájú kíláàsì fún Kẹ́hìndé. Obìnrin tó ni ilé ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣèbí èmi ni mo ní ọmọ yìí kò tíì tó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, n kò sì wò ó dáadáa ni. Ó mi orí, ó lọ.

Táyé sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ní orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kẹ́hìndé kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àárín ìgbà tí wọ́n ń kọrin, ó dìde lórí àpótí mi, ó na ọwọ́ sókè, ó ní kí gbogbo kíláàsì gbọ́: “Àǹtí, Táyé fẹ́ tọ̀!” Àǹtí sáré débẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Kẹ́hìndé sọ nílé ìwé nìyẹn, Náánì kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí a tó gba ìsinmi Kérésì, Táyé fúnra rẹ̀ ka ìdérí márùn-ún. Ó kọ́kọ́ pè é ní mẹ́fà, ó dúró, ó yíjú sí iwájú kíláàsì. Ẹ̀yìn orí èkejì rẹ̀ nìkan ló rí. Ó padà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, ó sì kà á dé ibi tó yẹ.

N kò torí ìyẹn sọ pé a kò lè mọ ọmọ tó ti tó. A lè mọ̀ ọ́n, ọ̀nà kan ni kò wọ ọjà. Láti ọdún náà, n kò tún dá ọmọ padà kí n tó lọ wò ó níbi tí ara ti tù ú, nínú ìsọ̀, ní ẹ̀yìnkùlé, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo máa ń jókòó bí àlejò, màá sì panu mọ́. Mo lọ sí Apo, mo lọ dé Lokogoma, oòrùn pa mí, ìyá kan tilẹ̀ rò pé ìjọ tuntun ni mo fẹ́ wàásù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ṣì ń rí i pé ọmọ náà kò tíì tó lóòótọ́, màá sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Àwọn òbí ṣì ń gbé ọmọ wá bá mi nílé mi báyìí tí mo ti di arúgbó, inú mi sì máa ń dùn láti dá wọn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà, ní ìrọ̀lẹ́, tí ilé bá dákẹ́, tí mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ tí mo dá padà ṣáájú ọdún ẹ̀jìrẹ́ yẹn. Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Wọn kò ní èkejì tó lè jókòó sínú kíláàsì kó máa dákẹ́ títí àṣírí mi yóò fi tú. Ìyá wọn dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde ní ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń yíjú padà wo àwọn ohun ìṣeré. Wọ́n ti dàgbà báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ka èyí, kó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú mi ni kò ríran lọ́jọ́ náà, kì í ṣe òun ni kò gbọ́n.